Láti Newgate dé Tyburn: Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Gbà Lọ Yẹgi

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó èèyàn lọ yẹgi nílùú London ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn ín lónìí. Ìdí ilé ẹjọ́ Old Bailey ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ère obìnrin aláwọ̀ góòlù kan ti na idà sókè lórí òrùlé, tó sì gbé òṣùwọ̀n dání lọ́wọ́ kejì. Kí wọ́n tó ṣí ilé ẹjọ́ yìí ní 1907, ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ló wà lórí ilẹ̀ náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà. Wọ́n á gba àárín ìgboro kọjá lọ sí Tyburn, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta, wọ́n á sì yẹgi fún wọn lójú gbogbo ayé. Mo rin ọ̀nà náà dópin, torí ọ̀rọ̀ pípa ọ̀daràn ní gbangba kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Wọ́n ti ṣe é l'Ékòó rí, àwọn kan láàárín wa ṣì ń ṣe é.

Mo kọ́kọ́ sọdá sí ṣọ́ọ̀ṣì St Sepulchre tó wà lódìkejì títì. Agogo kan wà nínú àpótí oníǹgíláàsì níbẹ̀, kò tóbi ju èyí tí tíṣà fi ń pe ọmọ wọ kíláàsì lọ. Ní 1605, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Robert Dowe fún ṣọ́ọ̀ṣì náà ní £50, kí wọ́n lè máa lọ lu agogo lóru létí yàrá àwọn tí wọ́n máa pa lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì máa rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Mo dúró ti agogo náà pẹ́. Mo gbà pé àánú ló ṣe ọkùnrin yẹn. Àmọ́ ẹ ro ti ẹni tó wà nínú òkùnkùn, tó mọ̀ pé ilẹ̀ tó máa mọ́ yìí ni òun máa kú, tí wọ́n tún wá ń lu agogo sí létí.

Láti ibẹ̀, mo gba Holborn lọ sí St Giles, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti máa ń dúró kí wọ́n lè fún àwọn ẹni ikú ní ọtí mu, kí n tó já sí Oxford Street. Bọ́ọ̀sì alájà méjì àti ilé ìtajà ló kún ibẹ̀ báyìí. Láyé ọjọ́sí, ọjọ́ ìyẹgi jẹ́ ọjọ́ ìsinmi: àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń pa iṣẹ́ tì, àwọn èèyàn á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn mìíràn á sanwó kí wọ́n lè ríbi jókòó wòran.

Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbé Jack Sheppard gbà ní November 1724. Ọmọ ọdún 22 ni, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ kó tó di olè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sá kúrò ní àtìmọ́lé lọ́dún náà, ìyẹn ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Wọ́n ní èrò tó tú jáde wá wò ó tó 200,000. Sheppard kò pààyàn. Olè ló jà, àmọ́ nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, ikú lè pa ẹni tó bá jí ẹrù tó tó £2 nínú ilé onílé. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ìdí igi ti lé ní 200.

Nígbà tí mo dé òpin Oxford Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marble Arch, mo rí òkúta roboto kan nílẹ̀, láàárín oríta tí ọkọ̀ ń yí ká. Wọ́n gbin igi óòkù mẹ́ta yí i ká. Ohun tó wà níbẹ̀ láti 1571 ni igi ìyẹgi olópòó mẹ́ta, tí wọ́n fi ìtì igi mẹ́ta so pọ̀ lókè, tó fi jẹ́ pé ó lè gba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kan ní June 1649, èèyàn 24 ni wọ́n so rọ̀ lórí rẹ̀ pa pọ̀, obìnrin kan wà nínú wọn. Àwọn tó ń sọdá títì ń tẹ òkúta náà mọ́lẹ̀ kọjá lọ.

Ní 1783, ìjọba kó ìyẹgi kúrò ní Tyburn lọ sí iwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate, torí pé rúkèrúdò tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ti pọ̀ jù. Èrò tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Ní February 1807, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yẹgi fún ọkùnrin méjì kan, Holloway àti Haggerty, apẹ̀rẹ̀ ẹni tó ń ta páì ṣubú láàárín èrò, àwọn èèyàn kọsẹ̀ lára rẹ̀, ni wọ́n bá ń tẹ ara wọn pa. Nǹkan bí 30 èèyàn ló kú. Ìwòran lásán ni wọ́n wá wò o! Òǹkọ̀wé Charles Dickens náà lọ wo irú rẹ̀ ní 1849, ó sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times pé ìwà èrò ìwòran náà burú kọjá àfẹnusọ. Ní May 1868 ni wọ́n yẹgi fún Michael Barrett, òun sì ni ẹni ìkẹyìn tí wọ́n pa ní gbangba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún 103 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1971, ìjọba ológun ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní etíkun Bar Beach l'Ékòó. Wọ́n dè wọ́n mọ́ òpó, sójà tò síwájú wọn, èrò rẹpẹtẹ sì wá wòran. Ní September ọdún náà ni wọ́n pa gbajúmọ̀ adigunjalè nì, Ishola Oyenusi. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ rí i kí wọ́n fi kọ́gbọ́n. Ṣé olè dáwọ́ dúró? Kò pé ọdún 20 tí adigunjalè mìíràn, Lawrence Anini, fi da ìlú Benin rú.

Ohun tí ọ̀nà yìí fi yé mi nìyẹn: ẹni tó wá wòran kì í kọ́ ìbẹ̀rù, pípa èèyàn ló ń mọ́ ọn lójú. Nígbà tó bá sì ti mọ́ ọn lójú, kò ní dúró de adájọ́ mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹnì kan fi lè pariwo olè lọ́jà wa lónìí, kí wọ́n ti gbé táyà kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn, kí wọ́n da epo bẹntiróòlù sí i lára, kí àwọn tó kù máa fi fóònù ká a sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́, ó yẹ ká fi sílò.

Mo ń bẹ yín, bí wọ́n bá mú olè ládùúgbò yín, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kó lọ rojọ́. Bí ẹ kò bá lágbára láti gbà á sílẹ̀, ẹ má ṣe kún èrò tó yí i ká. Ẹ kó àwọn ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá jalè, kó jìyà tí òfin là kalẹ̀ fún un. Ẹni tí wọ́n bá ti sun jóná láìjẹ̀bi, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá ẹ̀mí rẹ̀ padà.