Auschwitz àti Ibi Ìwakùsà Iyọ̀ Wieliczka Lọ́jọ́ Kan Ṣoṣo: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Lọ

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Pólándì, ibi méjì tí òkìkí wọn kàn ká ayé kò jìnnà sí ìlú Kraków. Èkíní ni Auschwitz, àgọ́ ìṣẹ́niníṣẹ̀ẹ́ tí ìjọba Násì ti Jámánì dá sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó ti di ibi ìrántí. Èkejì ni Wieliczka, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí wa iyọ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá, tí àwọn awakùsà sì gbẹ́ ilé ìsìn sínú àpáta iyọ̀. Àjọ UNESCO kọ orúkọ Wieliczka sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1978, ó sì kọ ti Auschwitz ní 1979.

Àwọn ará wa tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ó ṣeé ṣe láti rí ibi méjèèjì lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ òfuurufú láti London ń dé Kraków ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, àwọn tí ń mú àlejò kiri sì máa ń polówó ibi méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ju ti àkókò lọ. Ṣé ó bójú mu kí ènìyàn jáde kúrò níbi tí wọ́n ti pa ẹni tó lé ní mílíọ̀nù kan, kí ó jẹun ọ̀sán, kí ó sì lọ wo ère tí a fi iyọ̀ gbẹ́? Èrò tiwa ni pé ó ṣeé ṣe, ó sì lè ṣe wá láǹfààní, bí a bá mọ ohun tó so ibi méjèèjì pọ̀. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, èkejì yóò kàn pa èkíní rẹ́ lọ́kàn wa ni.

Apá “Ogun Hitler” Tí Kò Dé Etí Wa

Àwọn àgbà wa kì í sábà pe ogun náà ní Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun Hitler ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin láti Nàìjíríà wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Burma. Nítorí náà, ìtàn igbó Burma ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa mọ̀ nípa ogun yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pólándì kò fi bẹ́ẹ̀ dé etí wa.

Jámánì gbógun ti Pólándì ní September 1, 1939. Ìlú tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè ní Oświęcim ni àwọn ará Jámánì sọ di Auschwitz. Ní June 14, 1940, ọkọ̀ ojú irin kó ẹlẹ́wọ̀n 728 dé ibẹ̀ láti ìlú Tarnów, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ ọmọ Pólándì. Ní 1941, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àgọ́ kejì, Birkenau, tó fi nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Birkenau yìí ló di ibi tí wọ́n ti ń fi gáàsì olóró pa àwọn Júù tí wọ́n ń kó wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

Àwọn òpìtàn ibi ìrántí náà ṣírò pé ó kéré tán, wọ́n kó ènìyàn 1,300,000 lọ síbẹ̀, àti pé nǹkan bí 1,100,000 nínú wọn ló kú. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú àwọn òkú wọ̀nyí jẹ́ Júù. Wọ́n tún pa àwọn ọmọ Pólándì bí 70,000, àwọn Roma bí 21,000, àti nǹkan bí 14,000 ọmọ ogun Soviet tí wọ́n mú lójú ogun. Láàárín May sí July 1944, àwọn Júù tí wọ́n kó wá láti Hungary nìkan lé ní 400,000. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ni dókítà ológun yóò máa nawọ́ sí apá kan tàbí apá kejì: àwọn tó lè ṣiṣẹ́ síhìn-ín, àwọn arúgbó, aláìsàn, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọdé sọ́hùn-ún. Ikú ni ọ̀hún ń lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì rí ọjọ́ kejì.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Soviet dé ibẹ̀ ní January 27, 1945, nǹkan bí 7,000 ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n bá láàyè. Ọjọ́ yẹn ni àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé yàn ní 2005 fún ìrántí ìpakúpa náà lọ́dọọdún.

Orúkọ Tó Wà Lára Àpótí

Ní ẹnu géètì àgọ́ àkọ́kọ́, àkọlé irin kan sọ lédè Jámánì pé iṣẹ́ ní ń sọ ènìyàn di òmìnira. Irọ́ ni. Iṣẹ́ àti ebi ni wọ́n fi ń pa àwọn tí wọn kò fi gáàsì pa.

Nínú àwọn ilé bíríkì tó wà lẹ́yìn géètì yìí ni wọ́n kó ohun tó ṣẹ́ kù sí. Bàtà tó wà níbẹ̀ lé ní 110,000. Irun orí tí wọ́n fá kúrò lórí àwọn obìnrin wọ̀n tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì. Àwọn àpótí ìrìn-àjò jẹ́ bí 3,800, púpọ̀ nínú wọn sì ní orúkọ ẹni tó ni ín lára, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tàbí ìlú, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà. Wọ́n ti sọ fún àwọn ènìyàn náà pé wọn yóò rí ẹrù wọn gbà padà.

Ó yẹ kí àwa Yorùbá dúró díẹ̀ níwájú àwọn àpótí wọ̀nyí. Àwa ni a ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Auschwitz, orúkọ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń fín in sí ọ̀pọ̀ wọn lápá. Àwọn tí wọ́n pa lọ́jọ́ tí wọ́n dé kò tilẹ̀ gba nọ́ńbà, wọn kò kọ wọ́n sílẹ̀ rárá. Orúkọ tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sára àpótí lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ibẹ̀ ní láti fi jẹ́rìí pé ó dé.

Ní Birkenau, ohun tí a ó rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà tẹ́ lọ súà, ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 170. Ojú irin wọ inú àgọ́ náà lọ tààrà. Ní òpin rẹ̀ ni àwókù àwọn ilé gáàsì wà, tí àwọn ọmọ ogun SS fi àdó olóró wó ní January 1945 kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹni Tó Jáde Síwájú

Ní àgọ́ àkọ́kọ́, nínú àjà ilẹ̀ ilé kọkànlá, iyàrá kékeré kan wà tí àwọn Kristẹni sábà máa ń béèrè fún. Ní òpin July 1941, ẹlẹ́wọ̀n kan sá lọ. Àwọn ọ̀gá àgọ́ mú ènìyàn mẹ́wàá láti fi ebi pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Franciszek Gajowniczek, bú sẹ́kún nítorí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àlùfáà Kátólíìkì kan tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀, Maksymilian Kolbe, jáde síwájú, ó sì ní kí wọ́n fi òun rọ́pò ọkùnrin náà. Wọ́n gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣì wà láàyè, nítorí náà wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ olóró ní August 14, 1941.

Ní October 10, 1982, Póòpù John Paul Kejì kéde Kolbe ní ẹni mímọ́ ní Róòmù, Gajowniczek fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó lo ẹ̀mí tí wọ́n rà padà fún un títí di 1995.

Ibi Tí Àwọn Awakùsà Ti Ń Gbàdúrà

Wieliczka fi nǹkan bíi kìlómítà 14 jìnnà sí Kraków. Òkun àtijọ́ tó gbẹ ló fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ amóhuntutù, iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa ẹran àti ẹja mọ́ kúrò nínú ìdíbàjẹ́, nítorí náà ẹni tó ni iyọ̀ ló ni owó. Ní ayé Ọba Casimir Ńlá, tó ṣòfin lórí iyọ̀ ní 1368, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé sápò ọba ló ń wá láti inú iyọ̀.

Ihò náà ní ìpele mẹ́sàn-án, ó sì jìn tó mítà 327. Iṣẹ́ ibẹ̀ léwu púpọ̀. Òrùlé lè wó, omi lè ya wọlé, gáàsì tí ń gbiná sì máa ń kó jọ sí òkè. Àwọn awakùsà kan ló ń fi iná orí igi gígùn sun gáàsì náà kí àwọn tó kù tó wọlé, tí wọn yóò máa rákò lórí ilẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é. Níbi tí ikú wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu pé àwọn awakùsà fẹ́ ibi tí wọn yóò ti gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú iyọ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí.

Èyí tó tóbi jù ni ilé ìsìn Kinga Mímọ́, tó wà ní mítà 101 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Wọ́n sọ nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu pé Kinga, ọmọ ọba Hungary tó wá fẹ́ ọba ní Pólándì, ju òrùka rẹ̀ sínú kùsà iyọ̀ nílé bàbá rẹ̀, òrùka náà sì jáde nínú òkúta iyọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n wà ní Wieliczka. Iṣẹ́ ilé ìsìn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Awakùsà mẹ́ta, Józef Markowski, Tomasz àbúrò rẹ̀, àti Antoni Wyrodek, ló ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Pẹpẹ, ilẹ̀ àti ère jẹ́ iyọ̀. Wyrodek gbẹ́ àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sára ògiri iyọ̀. Àní àwọn fìtílà ńláńlá tó rọ̀ sókè, iyọ̀ tó mọ́ gaara ni wọ́n fi ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n ṣì ń ṣe Mísà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ogun Dé Ìsàlẹ̀ Ilẹ̀ Pẹ̀lú

Àwọn àlejò kan máa ń rò pé Auschwitz ni ibi ibi, pé Wieliczka sì ni ibi ìtura. Ìtàn kò pín wọn bẹ́ẹ̀. Ní 1944, àwọn ará Jámánì kó àwọn Júù ẹlẹ́wọ̀n wá sí Wieliczka láti àgọ́ Płaszów ní Kraków. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe ohun ìjà nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí bọ́ǹbù ọ̀tá kò ti lè dé. Iṣẹ́ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí ọmọ ogun Soviet ti ń sún mọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n inú àpáta kan náà tí awakùsà ti gbẹ́ pẹpẹ ni wọ́n ti kó ẹrú ogun wọ̀.

Ohun tó so ibi méjèèjì pọ̀ nìyí. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ilé ìsìn Kinga, ọwọ́ ènìyàn ló kọ́ ilé gáàsì. Kò sí ilẹ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwà ìkà kò lè dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwà ìkà Auschwitz kò le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò fi lè jáde síwájú nítorí ẹlòmíràn.

Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ọjọ́ Náà

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a kọ́kọ́ lọ sí Auschwitz, ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ara àti ọkàn ṣì le. Bí a bá kúrò ní Kraków ní aago méje, a lè wà níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀. Rírìn pẹ̀lú amọ̀nà ní àgọ́ méjèèjì máa ń gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Bí a bá gbọ́dọ̀ dín nǹkan kù, kí a má ṣe fo Birkenau. Wọn kì í gba owó ìwọlé, owó amọ̀nà ni a ń san, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ ní orúkọ wa ṣáájú, kí a sì mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Wọn kò gbà kí a ya fọ́tò níbi tí irun wà àti nínú àjà ilẹ̀ ilé kọkànlá. Àwọn alábòójútó ibẹ̀ kò dámọ̀ràn pé kí a mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 wá.

Láti ibẹ̀ dé Wieliczka, ọkọ̀ lè lò tó wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tan fíìmù tàbí orin nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àkókò yẹn jẹ́ ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́.

Ní Wieliczka, amọ̀nà nìkan ló lè mú àlejò wọlé. Àtẹ̀gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 la ó sọ̀ kalẹ̀ kí ìrìn náà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 800. Ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń gbé ènìyàn jáde. Kí àwọn tí eékún ń dùn ronú sí i dáadáa. Òtútù díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà kí a mú aṣọ òtútù dání.

Bí eékún tàbí ọkàn ẹnì kan kò bá gbé ibi méjèèjì lọ́jọ́ kan, kí ó yan Auschwitz, kí ó sì fi Wieliczka sí ọ̀la. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí A Fòní Dónìí Fọ̀la Dọ́la

Omi ni ọ̀tá iyọ̀. Èémí àti ọ̀rinrin ti jẹ ojú àwọn ère kan ní Wieliczka tán débi pé a kò mọ ẹni tí wọ́n ń ṣàpẹẹrẹ mọ́. Láti 1989 sí 1998, UNESCO ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé tó wà nínú ewu. Ní Auschwitz náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń tọ́jú bàtà àti àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa jẹrà.

Ṣùgbọ́n a kò lè tọ́jú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Níbi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún ìdáǹdè àgọ́ náà ní 2015, nǹkan bí 300 nínú àwọn tó là á já ló wá. Ní January 2025, nígbà tó pé ọgọ́rin ọdún, nǹkan bí àádọ́ta péré ló kù tó lè wá. Láìpẹ́, àwọn tó lọ wo ibẹ̀ tí wọ́n sì padà wá ròyìn ni yóò máa sọ ìtàn náà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé iwájú àwọn àpótí yẹn, ẹ ka orúkọ kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín nígbà tí ẹ bá délé.