Fẹlá, fèrè, àti ọmọ tí ẹ ń lé kúrò nídìí ìlù

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fún mi létí. Tí ọmọ yín bá ní fèrè lòun fẹ́ máa fun, kí lẹ máa sọ? Ọ̀pọ̀ ló máa pariwo pé, "Iṣẹ́ alágbe kẹ̀!" Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jáàsì ná.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló dá jáàsì sílẹ̀. Èyí tó le jù nínú ẹ̀ ni èyí tí wọn kì í kọ sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan á fun fèrè, èkejì á fi ìlù dá a lóhùn, ẹ̀kẹta á já a gbà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí orin máa já sí. Ṣé nǹkan àjèjì nìyẹn? Ẹ lọ síbi ìnáwó l'Adígbẹ lọ́jọ́ Sátidé. Onígángan tó rí gèlè tuntun lórí yín, tó fi ìlù sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣé ilé ló ti kọ ọ́ wá? Bí ẹ̀yin àti oníbàárà bá ń ná ọjà, ta ló mọ iye tẹ́ ẹ máa fẹnu kò sí? Ọgbọ́n kan náà ni.

Ọmọ Abẹ́òkúta tó mú jáàsì mọ́ orin tiwa ni Fẹlá Aníkúlápó Kútì, tí wọ́n bí ní 1938. Ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó obìnrin ọjà jọ, tí wọ́n ja ìjà owó-orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ní 1958, wọ́n ní kí Fẹlá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity ló gbà lọ! Ní 1973, Igo Chico tó ń fun sasofóònù fún un fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fẹlá ò bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra ẹ̀ kọ́ ọ, ó sì fun ún.

Ní 1977, Lester Bowie wá s'Ékòó láti Amẹ́ríkà, owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lápò ẹ̀. Ọ̀gá nídìí kàkàkí òyìnbó ni. Ó wà nínú AACM, ẹgbẹ́ tí àwọn olórin dúdú Chicago dá sílẹ̀ ní 1965 kí wọ́n lè máa gbé orin tuntun tiwọn jáde, bí ẹ̀yin télọ̀ àti káfíńtà ṣe ń kóra jọ lẹ́gbẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni sójà dáná sun ilé Fẹlá, síbẹ̀ ó gba àlejò. Wọ́n jọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù No Agreement.

Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹrin 1967, ilé àṣà tí Babátúndé Ọlátúnjí, onílù ọmọ Àjídò nítòsí Badagry, dá sílẹ̀ ní Harlem ni John Coltrane ti ṣeré. Ìlúmọ̀ọ́ká ni Coltrane. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kó kú. Ọmọ onílù tiwa ló gbà á lálejò.

Nítorí náà, ọmọ tó ń lu ìdérí ìkòkò nídìí àtẹ yín, ẹ má gbá a létí. Ẹ jẹ́ kó lọ sílé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀gá ìlù tàbí fèrè fún un pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá sì pe olórin síbi ìnáwó, ẹ san owó àdéhùn pé, kẹ́ ẹ tó máa ná owó mọ́ ọn lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn náà. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ṣé ẹ̀yin lè gbà kí ọmọ yín fi orin ṣiṣẹ́ ṣe? Ẹ kọ̀wé sí wa.