Orí Tí Ó Tẹ̀ba: Ọ̀rọ̀ lórí Ìdúró Ara àti Àlàáfíà Ọkàn

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fetí sí èdè tí àwa fúnra wa ń sọ. Bí ìbànújẹ́ bá wọ ènìyàn lára, a óò ní ó sorí kọ́. Bí ọ̀ràn bá dé bá a, ó káwọ́ lérí. Bí ìrònú bá pọ̀ fún un, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí ìtura bá sì dé, ojú rẹ̀ túká, ó tún gbé orí sókè láàrin ẹgbẹ́. Ẹ kíyèsí i pé orí, ọwọ́ àti ojú ni a ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa mọ èyí dájú: nígbà tí wọ́n dé Sáàmù 42, níbi tí akọrin ti ń bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń dà á láàmú, wọ́n fi orí tí ó tẹ̀ba fún ọkàn náà, bí ẹni pé ọkàn pẹ̀lú ní ọrùn.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: bí ọkàn bá lè tẹ orí ba, ǹjẹ́ orí tí a gbé sókè lè gbé ọkàn dìde? Ọ̀ràn náà kì í ṣe eré, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn ni ó wà láàrin wa, tí a kàn ń sọ fún pé kí ó tújú ká.

Ní ọdún 1872, Charles Darwin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn àti ẹranko ti ń fi ohun tí ó wà nínú wọn hàn lára. Ní 1884, William James ti Amẹ́ríkà lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kì í ṣe pé inú wa kọ́kọ́ bàjẹ́ kí a tó sunkún, ẹkún náà àti ìyípadà inú ara, bí a ti ń mọ̀ wọ́n lára, ni à ń pè ní ìbànújẹ́. A kò rò pé gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń gé àlùbọ́sà ń sunkún láìsí ọ̀fọ̀ kankan.

Ní 2010, onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Dana Carney, Amy Cuddy àti Andy Yap, kéde pé bí ènìyàn bá na ara bí alágbára fún ìṣẹ́jú méjì péré, àwọn èròjà inú ara rẹ̀ yóò yí padà, àyà rẹ̀ yóò sì le. Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé. Ènìyàn 42 ni wọ́n fi dán an wò. Nígbà tí Eva Ranehill àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ènìyàn 200 tún un ṣe, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2015, wọn kò rí ìyípadà kankan nínú èròjà ara. Kìkì pé àwọn ènìyàn náà ní àwọn mọ ara àwọn ní alágbára díẹ̀ sí i. Ní 2016, Carney fúnra rẹ̀ jáde sọ pé òun kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ mọ́. A yìn ín fún èyí. Kò wọ́pọ̀ kí ọ̀mọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé tí ó kọ́.

Ohun tí ó kù kéré, ṣùgbọ́n ó dúró. Ní Auckland ní ilẹ̀ New Zealand, wọ́n fi ènìyàn 61 tí àmì ìsoríkọ́ wà lára wọn ṣe ìdánwò tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan jókòó bí wọ́n ti máa ń jókòó, wọ́n sì mú kí àwọn yòókù na ẹ̀yìn. Àárẹ̀ àwọn tí ó na ẹ̀yìn dín kù, ara wọn yá díẹ̀, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ sọ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìtura ìgbà díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó sọ pé àìsàn wọn lọ.

Kò ṣòro láti mọ bí èyí ti lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wó jọ lórí àga, ikùn rẹ̀ ń ti iṣan ńlá tí ó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró sókè. Èémí rẹ̀ a kúrú bí ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ojú rẹ̀ a máa wo ilẹ̀, kò sì ní rí ojú ẹni tí ó ń kí i. Orí àgbàlagbà wúwo tó kílò márùn-ún. Bí ó bá dúró gangan, egungun ọrùn ni ó ń gbé e, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ síwájú, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ni ó ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Àwọn ìyá wa tí ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà Ìtòkú àti Láfẹ́nwá mọ èyí láìka ìwé. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni a ti rí òpin ọ̀rọ̀ náà, nítorí obìnrin lè ru igbá àdìrẹ kọjá lábẹ́ Olúmọ pẹ̀lú ọrùn tí ó gún régé, kí ọkàn rẹ̀ sì ti fọ́ láti oṣù mẹ́ta.

Ní ìlú wa yìí ni a ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ náà. Ní 1953, dókítà J. C. Carothers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ̀wé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ènìyàn Áfíríkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro. Ilé àwọn alárùn ọpọlọ sì ti wà ní Lantoro láti 1944. Lambo kò fẹ́ kí a máa ti aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ tí ó ń se oúnjẹ fún un. Wọn a gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn a sì padà sí abúlé lálẹ́. Lẹ́yìn náà, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, wọ inú abúlé lọ bi àwọn ènìyàn léèrè, ìwé wọn sì jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àmì ìsoríkọ́ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ohun tí kò jẹ́ kí àlejò rí i ni pé àwọn ènìyàn wa kì í sábà sọ fún dókítà pé ọkàn àwọn bàjẹ́. Wọn a ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára, àyà ń já, oorun kò sí. Raymond Prince, ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé ní 1960 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń ta, tí ojú wọn ń ṣú, tí ohun tí wọ́n kà kò sì dúró nínú wọn. Ara ni ó ń jẹ́rìí fún ọkàn.

Nítorí náà, kí a ṣọ́ra bí a ti ń ka ara ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kò sorí kọ́. Arúgbó tí egungun rẹ̀ ti tẹ̀, inú rẹ̀ lè dùn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti mọ̀ pé ó máa ń rìn gangan, tí ó wá ń wọ́ ẹsẹ̀, tí kò lè wo ojú ènìyàn, tí oúnjẹ àti oorun sá fún, tí ohun tí ó fẹ́ràn kò dùn mọ́ ọn mọ́, bí èyí bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí a má ṣe pàṣẹ fún un pé kí ó gbé orí sókè. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù ìtìjú ni a dì lé ẹrù tí ó ti wà lórí rẹ̀. Kí a jókòó tì í, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a sì bá a rìn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ó sì jẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni a óò mú un lọ. Aro àti Lantoro ṣì ń gba aláìsàn títí di òní, ọ̀nà wọn kò sì farasin. Ohun tí ó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni ẹnu ayé, pé wọn yóò ní wèrè ni.