Álọ́ọ̀mù Nínú Oúnjẹ Wa

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó funfun, ó ń dán bí gíláàsì, ó le bí òkúta, bí a bá sì fi kan ahọ́n, ńṣe ni yóò fa ẹnu pọ̀. Álọ́ọ̀mù ni. Ẹni tí ó ti fọ ìgbín rí mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni àwọn ìyá wa fi ń fọ omi yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó ti pọn omi odò nígbà òjò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Bí omi bá dàrú, amọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ lè kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní rì fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá fi álọ́ọ̀mù sí i tí a sì rò ó, alumíníọ̀mù inú álọ́ọ̀mù náà yóò di ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Yóò kó àwọn amọ̀ náà jọ, wọn yóò wúwo, wọn yóò sì rì sí ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú alumíníọ̀mù náà yóò wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a óò dànù. (Ẹ má gbàgbé ṣá o: álọ́ọ̀mù kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Bí omi tilẹ̀ tòrò, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ sè é.)

Nínú omi, a ń da èyí tí ó pọ̀ jù nù. Nínú oúnjẹ, a ń gbé e mì ni. Ibẹ̀ ni òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, búrẹ́dì funfun ni àwọn ènìyàn kà sí búrẹ́dì gidi, ìyẹ̀fun tí ó dára sì wọ́n. Àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì rí i pé bí àwọn bá po álọ́ọ̀mù díẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun tí kò dára, búrẹ́dì yóò funfun, yóò sì dúró dáadáa, ẹni tí ó rà á yóò rò pé ojúlówó ni. Ní 1820, Friedrich Accum, ọmọ Jámánì kan tí ó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé tí ó tú àṣírí yìí àti irú rẹ̀ púpọ̀. Òfin búrẹ́dì ka álọ́ọ̀mù léèwọ̀. Ǹjẹ́ wọ́n ṣíwọ́? Wọn kò ṣíwọ́. Nígbà tí dókítà Arthur Hill Hassall ń ra oúnjẹ kiri ọjà Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 láti yẹ̀ wọ́n wò, ó ṣì ń bá álọ́ọ̀mù nínú búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí ó ta àbùlà oúnjẹ sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Lójú tèmi, ìyẹn ba àwọn ọlọ́jà lẹ́rù ju owó ìtanràn lọ. Ní 1860 ìjọba ṣe òfin lórí àbùlà oúnjẹ lápapọ̀. Èyí tí ó múná jù ú lọ dé ní 1875.

Ní Amẹ́ríkà, ìjà náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn oníṣòwò kan ń fi álọ́ọ̀mù ṣe páúdà tí ń mú kéèkì wú. Àwọn mìíràn ń fi ohun tí a rí lára èso àjàrà ṣe tiwọn, tiwọn sì wọ́n jù. Ní 1899 ìpínlẹ̀ Missouri fi òfin de álọ́ọ̀mù nínú páúdà yìí, wọ́n ní nítorí ìlera ni. Nígbà tí yóò fi di 1903, àṣírí tú pé àwọn aṣòfin ti gba owó ẹ̀yìn. Igbákejì gómìnà kọ̀wé fipò sílẹ̀, wọ́n sì pa òfin náà rẹ́ ní 1905. Kì í ṣe gbogbo òfin oúnjẹ ni ó ti inú àníyàn wá.

Kí ni alumíníọ̀mù ń ṣe nínú ara? Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a jẹ ń bá ìgbẹ́ jáde. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín a sì máa sẹ́ ẹ jáde bá ìtọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ó wà nínú ewu jù. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà rí i pé alumíníọ̀mù inú omi tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ ń ba ọpọlọ àti egungun àwọn aláìsàn jẹ́.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé gbé kalẹ̀ fi pààlà ní 2011: mìlígíráàmù 2 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ kan. Ààlà ti gbogbo ọjọ́ ayé ni. Ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan kò ní torí ìyẹn ṣàìsàn. Ní 2014 Ṣáínà fi òfin de álọ́ọ̀mù nínú púpọ̀ nínú oúnjẹ ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹ̀fun díndín tí wọ́n fi ń jẹun òwúrọ̀: alumíníọ̀mù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 100 lọ nínú kìlógíráàmù kan.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù 20, mìlígíráàmù 40 ni ààlà tirẹ̀ lọ́sẹ̀. Ká ní ó ń jẹ gíráàmù 100 lójoojúmọ́ nínú oúnjẹ tí alumíníọ̀mù rẹ̀ tó iye tí òfin Ṣáínà gbà. Mìlígíráàmù 10 ni lóòjọ́, 70 ni lọ́sẹ̀. Ó ti kọjá ààlà, a kò sì tíì ka ohun mìíràn tí ó jẹ. Bàbá rẹ̀ tí ó wọn kìlógíráàmù 60 jẹ iye kan náà. 120 ni ààlà tirẹ̀, kò tíì dé ibẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni, òfin kò sì rú.

Ẹ lè wá a lára páálí àti agolo. Nọ́ńbà 520 sí 523 ni álọ́ọ̀mù àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀; 541 wà nínú páúdà kéèkì kan; 554 ni wọ́n ń fi sínú ohun lílọ̀ kí ó má baà dì. Lẹ́tà E lè wà níwájú nọ́ńbà náà. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni kí ẹ wò: oògùn àyà títa kan wà tí ìwọ̀n kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè ní alumíníọ̀mù ju ti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kí ẹni tí ó ní àìsàn kíndìnrín kọ́kọ́ fi ìgò náà han dókítà rẹ̀ kí ó tó lò ó.