Ọmọ Ọ̀pẹ Tó Hù Fúnra Rẹ̀: Ẹ Má Ṣe Gbìn Ín Bí Ọ̀pẹ Àgíríìkì

Ní àkókò òjò, a máa ń rí ọmọ ọ̀pẹ tó hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ilé, àti níbi tí a ti ń ṣe epo. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pẹ àgíríìkì ni ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa hú u lọ gbìn sí oko. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. A kò lè pe ọmọ tó hù lábẹ́ ọ̀pẹ àgíríìkì ní ọ̀pẹ àgíríìkì.

Kí ló fà á? Irú ọ̀pẹ mẹ́ta ló wà. Dura ni ọ̀pẹ ìbílẹ̀ tó pọ̀ nínú igbó: èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, ẹran ara ẹyìn rẹ̀ kò sì pọ̀. Pisifera kò ní èèpo èkùrọ́ líle, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ sábà máa ń jẹrà kí ó tó pọ́n. Tenera ni ọmọ tí dura àti pisifera bí. Òun ni à ń pè ní ọ̀pẹ àgíríìkì: èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, epo rẹ̀ sì pọ̀. Láti ọdún 1941 ni Beirnaert àti Vanderweyen ti ṣàlàyé èyí ní ilẹ̀ Kóńgò.

Bí tenera bá so, a kò mọ baba ọmọ rẹ̀, nítorí kòkòrò àti afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ kiri. Bí baba náà bá jẹ́ tenera, nínú ọmọ 100, nǹkan bí 50 ni yóò jẹ́ tenera, 25 yóò jẹ́ dura, 25 yóò jẹ́ pisifera. Bó bá jẹ́ dura inú igbó ni baba, nǹkan bí ìdajì wọn yóò padà di dura.

Báwo ni a ṣe lè dá wọn mọ̀? Ní kékeré, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ewé gbogbo wọn jọra: yóò kọ́kọ́ gùn gbọọrọ, yóò là sí méjì, lẹ́yìn náà ni yóò ya bí imọ̀. Láti ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ti rí ohun àjogúnbá tó ń pinnu èèpo èkùrọ́, a sì lè fi ewé yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò. Ní oko tiwa, àdá mímú ni àyẹ̀wò. Bí ọ̀pẹ bá so, ẹ gé ẹyìn tó pọ́n ní ìbú. Bí ẹ bá rí àmì dúdú kéékèèké tó yí èkùrọ́ ká bí òrùka, tí èèpo sì fẹ́lẹ́, tenera ni. Ihá ni àwọn àmì náà. Bí kò bá sí òrùka, tí èèpo sì nípọn, dura ni. Ṣùgbọ́n ọdún 3 sí 5 ti lè kọjá kí ẹ tó mọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kí ni ṣíṣe?

1. Èyí tó hù láàrin kòkó tàbí ẹ̀gẹ́, ẹ fà á tu lẹ́yìn òjò nígbà tí ewé rẹ̀ kò tíì ju 2 tàbí 3 lọ. Bó bá ti dàgbà, ẹ fi ọkọ́ hú u tìdítìdí. Bí ẹ bá bẹ́ ewé rẹ̀ nìkan, yóò tún rúwé, nítorí ìsàlẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà.

2. Ẹ lè dá díẹ̀ sí ní ààlà oko fún ìgbálẹ̀, imọ̀ àti èkùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tà á fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

3. Fún oko tuntun, ẹ ra irúgbìn ní NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó lè fi ìwé hàn pé ibẹ̀ ni òun ti rà á. Ẹgbẹ́ lè da owó pọ̀, kí wọ́n rán ẹnì kan lọ.

Bí a bá fi mítà 9 sí àárín ọ̀pẹ kan àti èkejì, ní onígun mẹ́ta, hẹ́kítà 1 yóò gba nǹkan bí 143. Bó bá jẹ́ ọmọ abẹ́ ìyá la gbìn, ó lè tó 70 nínú wọn tí kò ní í mú epo tí à ń retí wá. Ilẹ̀ kan náà, ìroko kan náà, ajílẹ̀ kan náà, fún ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá rú yín lójú, ẹ mú ẹyìn tí ẹ gé lọ bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín.