Ta Ni Ó Ni Ìgbéyàwó? Ẹjọ́ Kan ní Gúúsù Áfíríkà àti Ohun Tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin kì í ṣe èyí tí ẹnu gbogbo wa yóò kò lé lórí. A kò gbé e kalẹ̀ láti yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. A fẹ́ ṣàlàyé bí òfin ṣe gbé e yẹ̀ wò ní Gúúsù Áfíríkà, orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó fi àṣẹ sí i. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìgbéyàwó kan wà tí ẹbí àti ẹ̀sìn ń so: a tọrọ ìyàwó, a dá ìdáná, a súre. Òmíràn ni alárédè, tí ìjọba ń kọ sínú ìwé. Ìwé yìí ni òfin ń wò láti mọ ẹni tí yóò jogún àti ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì òkú tọ́ sí. Èyí kejì ni ẹjọ́ náà dá lé.

Òfin ìgbéyàwó Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1961, ní kí àwọn tí ń ṣe alárédè pe ara wọn ní ọkọ àti aya. Obìnrin méjì tí wọ́n ti jọ ń gbé fún ọdún pípẹ́ gba ilé ẹjọ́ lọ. Ohun tí wọ́n gbára lé ni ìpín kẹsàn-án nínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ti ọdún 1996, tí ó ní ìjọba kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí irú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Àwọn tí ó ta kò wọ́n ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní ọmọ bíbí ni ìpìlẹ̀ ìgbéyàwó, àti pé ẹ̀sìn ló ti ni ín kí ìjọba tó dé. Bí ìrànlọ́wọ́ bá yẹ àwọn obìnrin wọ̀nyí, kí a ṣe òfin mìíràn fún wọn, kí a má fọwọ́ kan ti ìgbéyàwó.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2005, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ dájọ́. Adájọ́ Albie Sachs, tí ó kọ ìdájọ́ náà, fèsì pé òfin kò tú ìgbéyàwó ẹni tí kò rọ́mọ bí ká, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí arúgbó má gbéyàwó. Ó ní ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn yẹ fún ọ̀wọ̀, a kò sì lè fipá mú aṣáájú ẹ̀sìn kankan láti so irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìgbàgbọ́ àwọn kan díwọ̀n ẹ̀tọ́ àwọn mìíràn.

Gbogbo àwọn adájọ́ gbà pé òfin náà kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí yóò tún un ṣe ni wọn kò fẹnu kò lé lórí. Adájọ́ Kate O'Regan ní kí ilé ẹjọ́ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù méjìlá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wúwo báyìí yẹ kí ó fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú yàn. Òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2006. Ó tilẹ̀ gba òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kọ̀ láyè láti yẹra, títí wọ́n fi pa àyè yẹn rẹ́ ní ọdún 2020.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Gbólóhùn kan náà tí ó dáàbò bo àwọn obìnrin méjì yìí ló dárúkọ ẹ̀sìn, àṣà àti èdè. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ pàápàá, òfin àwọn òyìnbó kò kà á sí ìgbéyàwó gidi fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ọkùnrin lè fẹ́ ju aya kan lọ nínú rẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n tó ṣe òfin tí ó kà á kún.

Òfin tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀. Òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá lé irú ìgbéyàwó yìí, ìpín kejìlélógójì òfin ìpìlẹ̀ wa kò sì dárúkọ ohun tí ti Gúúsù Áfíríkà dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ ẹ̀sìn, òun ni àwa oníṣẹ̀ṣe sì ń sá di nígbà tí wọ́n bá ń pe tiwa ní ìbọ̀rìṣà lásán.

Ohun tí ìṣẹ̀ṣe ń pè ní ìgbéyàwó, ọwọ́ àwọn àgbà awo ló wà, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbà á. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ohun tí ẹ̀sìn tí ó pọ̀ jù ní ìlú bá kọ̀ yẹ kí ó di èèwọ̀ fún gbogbo ará ìlú. Kí a tó dáhùn, kí a rántí pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó.