Ẹdan Ìjẹ̀bú: báwo ni a ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú?

Bí ẹnì kan bá gbé ẹdan síwájú rẹ, tó ní Ìjẹ̀bú Òde ló ti wá, pé ó ti pẹ́ láyé, kí lo máa fi mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ? Ọ̀rọ̀ owó ńlá ni ìbéèrè yìí. Àwọn olówó àti àwọn mùsíọ́mù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá iṣẹ́ idẹ Yorùbá kiri, àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà kò sì sùn.

Àmì ẹgbẹ́ Òṣùgbó ni ẹdan, ẹgbẹ́ tí àwọn Yorùbá ibòmíràn ń pè ní Ògbóni. Ère akọ àti abo ni, ẹ̀wọ̀n ló so orí wọn pọ̀. Idẹ ni ara wọn, irin ló wà nínú.

Ibo ni idẹ náà ti wá?

Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ọmọ Potogí tó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, mẹ́nu ba ìlú Ìjẹ̀bú àti yàrà ńlá tó yí i ká. Ó ní ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n ń fi ra ẹrú kan níbẹ̀. Irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní manilla, ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀dẹ idẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń yọ́ fi ṣiṣẹ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ òjé tó wà nínú irú ẹ̀gbà yìí wò, wọ́n sì rí i pé ó bá ti iṣẹ́ idẹ Benin mu, àti pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni idẹ náà ti wá.

Kí ló dé tí méjì kì í bára mu délẹ̀?

Ìda oyin ni oníṣẹ́ ọnà fi ń mọ ère náà. Yóò fi amọ̀ bò ó, yóò fi iná yọ́ ìda náà jáde, yóò wá da idẹ gbígbóná sí àyè tó ṣófo. Bó bá tutù, àfi kó fọ́ amọ̀ náà kó tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè tún lo amọ̀ kan náà. Bí a bá rí ẹdan mẹ́wàá tí ojú, irun àti àléébù wọn rí bákan náà, ó yẹ kí ara fu wá.

Àyẹ̀wò wo ló wà?

Àkọ́kọ́ ni síǹkì. Lọ́nà tí àwọn ará àtijọ́ ń gbà ṣe idẹ, síǹkì inú rẹ̀ kì í sábà kọjá nǹkan bí 30 nínú 100. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ idẹ òde òní.

Èkejì ni amọ̀ tó bá ṣẹ́ kù lára ère. Yanrìn inú amọ̀ máa ń kó agbára ìtànṣán inú ilẹ̀ jọ láti ìgbà tí iná ti kàn án gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá tún gbé e kaná ní iyàrá àyẹ̀wò, yóò tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé tó wà bá jóná rí, ìṣirò náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìpẹtà nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn oníjìbìtì a máa fi ásíìdì pa idẹ lára, wọn a sì rì í mọ́lẹ̀ kó lè dà bí ohun àtijọ́.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè sọ

Ẹ̀rọ lè ràn wá lọ́wọ́ láti fojú bu ọjọ́ orí ère. Kò lè sọ bóyá wọ́n ṣe ètùtù sí i, ta ló gbé e kọ́rùn, tàbí ọ̀nà tó gbà kúrò nílé. Èyí tí àgbẹ̀dẹ ṣe fún títà lọ́jà, tí kò dé ilédì, ilé ìpàdé Òṣùgbó, rí, iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe ẹdan Òṣùgbó. Bákan náà, èyí tó jẹ́ ojúlówó lè jẹ́ ẹrù olè. Ọdún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ohun ìní ẹni sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà ogun. Ó yẹ kí ẹni tó ní ohun ìjọsìn Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ lókè òkun lè sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ òun.

Òfin Nàìjíríà tọdún 1979 lórí mùsíọ́mù kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni kó ohun àbáláyé jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe ṣáájú 1918 wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò.

Nítorí náà, kí àwọn ìdílé tó ní irú nǹkan yìí lọ́wọ́ ṣe àkọsílẹ̀ nísinsìnyí tí àwọn àgbà ṣì wà láyé: ta ló ni ín, ta ló jogún rẹ̀, báwo ló ṣe ga tó. Kí wọ́n ya fọ́tò èyí tí àwọn àgbà bá fọwọ́ sí pé kí ojú ọ̀gbẹ̀rì rí. Bí olè bá gbé e, àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí tí a óò fi gbà á padà.